Ìbéèrè Tí Akọ̀wé Kò Bi Abẹ́rẹ́

Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹnu wa dí níbi tó yẹ kó là. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Akọ̀wé àti Abẹ́rẹ́ dé ìdí kò ní ṣàì ṣe àmín sí àdúrà yìí.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ọsibítù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ìbùsùn, tí wọ́n kọ "Àyẹ̀wò Ọyàn" sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èyí tó ń ya àwòrán inú ọyàn kí wọ́n lè rí jẹjẹrẹ nígbà tó ṣì kéré, kó tó di baba mọ́ni lọ́wọ́. Bẹ́ǹṣì gígùn méjì wà níta. Ọkùnrin kan sì wà lójú fèrèsé, tó jókòó ti àpótí káàdì mẹ́rin. Akọ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ìkọ̀wé rẹ̀ gún bí ẹni fi rúlà fà á, kì í ṣí àpótí láràárọ̀ láì kọ́kọ́ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í jù. Ọdún mẹ́fà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò pe ọyàn ní ọyàn rí. "Ibi àyẹ̀wò" ló máa ń wí.

Àwọn nọ́ọ̀sì á fi ṣẹ̀fẹ̀. "Akọ̀wé, ibo ló ń dun ìyá yẹn?"

"Ibi àyẹ̀wò ni, mà."

"Èwo nínú méjèèjì?"

Wọn á bú sẹ́rìn-ín, òun á tẹ orí mọ́ káàdì.

Ọjọ́ tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ dé ojú fèrèsé, òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Aránṣọ ni, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń rán. Ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o. Mo wá gba ọjọ́ àyẹ̀wò."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ ti ṣe é rí?"

"Mi ò ṣe é rí. Ìyá mi ló yẹ kó ṣe é, kò ṣe é. Àbúrò ìyá mi ló yẹ kó ṣe é, kò ṣe é. Èmi wá ṣe tiwọn mọ́ tèmi."

Akọ̀wé gbójú sókè. "Àwọn méjèèjì ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ. Ìyá mi ṣáájú, àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e kí ọdún mẹ́ta tó pé. Àìsàn kan náà." Ó fọwọ́ kan àyà. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Àbí káàdì yín ò gba ìtàn?"

Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni Abẹ́rẹ́ rí i pé etí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ti tú. Ó fa abẹ́rẹ́ yọ lára gèlè, òwú funfun ti wà lójú rẹ̀. "Ẹ na ọwọ́ wá."

"Mà?"

"Ọwọ́ yín. Ẹ ò lè máa kọ irú ìwé dáadáa yìí pẹ̀lú ẹ̀wù tó ń sunkún."

Ìyá kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fajú ro. "Ṣé ibi ìránṣọ la wà ni, àbí ọsibítù?"

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Tí tiyín náà bá tú, màá rán an."

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ rán an tán, ó fi eyín já òwú. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn ọkùnrin náà kò ti sí nílé mọ́.

Àwòrán Abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́dún yẹn. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan.

Akọ̀wé kò lè dúró dọdún kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé ẹ̀wù kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé òmíràn lọ. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, Abẹ́rẹ́ gbé ẹ̀wù náà sójú ìmọ́lẹ̀.

"Akọ̀wé, bọ́tìnnì yìí kò já o. Abẹ ni wọ́n fi gé e."

Akọ̀wé fẹ́ gba ẹ̀wù náà padà. Òógùn bò ó.

"Jókòó," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Má gé bọ́tìnnì mọ́. Tó o bá fẹ́ wá, máa wá."

Ó ń wá. Oṣù ń gorí oṣù. Lọ́jọ́ kan, ó kó gbogbo ìgboyà ayé rẹ̀ jọ. "Tí mo bá ní kó o máa bá mi rán bọ́tìnnì títí ayé ńkọ́?"

Abẹ́rẹ́ dá ẹ̀rọ dúró. "Títí ayé ta ni? Tìrẹ ni àbí tèmi?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀mí àwọn obìnrin ìdílé wa kì í gùn, Akọ̀wé. Lọ rò ó dáadáa."

"Mo ti rò ó."

"Tún un rò."

Ó tún un rò, ibì kan náà ló já sí.

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń ta búrẹ́dì, ló fi ṣe alárinà. Àǹtí Oníbúrẹ́dì lọ, ó bọ̀, inú rẹ̀ dùn: bàbá ọmọ, káfíńtà àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti ní òun kò lòdì sí i. Ó wá ku ìyá Akọ̀wé. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Ó ti ṣe ìwádìí tirẹ̀ kí wọ́n tó jókòó.

"Ìyá rẹ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀," ni Màmá wí. "Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá."

"Ìyàwó wa, jọ̀wọ́," ni Àǹtí Oníbúrẹ́dì wí. Màmá ṣàgbà rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni lójú rẹ̀. "Àìsàn kì í ṣe ogún."

"Àǹtí, ẹ má bínú. Èyí máa ń jẹ́ ogún nígbà mìíràn." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi wẹ bàbá rẹ lórí ìbùsùn. O rí i. Mi ò kórìíra ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó o fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ máa gbé omi gbígbóná fún aláìsàn."

"Màmá, ara rẹ̀ yá. Èmi ni mo kọ èsì rẹ̀ sí káàdì."

"Ti ọdún tó kọjá nìyẹn. Ọdún ti ń yí po. Kó tún un ṣe. Ọjọ́ tó bá mú ìwé wá pé ara òun mọ́, èmi gan-an ni màá ṣáájú yín lọ bá bàbá rẹ̀."

Ojú ti Akọ̀wé láti jẹ́ iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n Àǹtí Oníbúrẹ́dì ti jẹ́ ẹ kó tó dé ọ̀hún. Abẹ́rẹ́ kàn gbọn èjìká. "Ìwé? Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Wọ́n ṣáà ní kí n padà wá tẹ́lẹ̀. Kọ déètì fún mi."

Ó kọ ọ́. Ó fi ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún jù lọ kọ ọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ náà pé ni àjàkálẹ̀ àrùn dé, wọ́n ní kí onílé gbélé. Wọ́n kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tí kò lè mí. Wọ́n fi aṣọ funfun bo ẹ̀rọ inú yàrá àyẹ̀wò bí ẹni bo òkú. Wọ́n fún Akọ̀wé ní fóònù kan àti orúkọ obìnrin ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, wọ́n ní kó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sọ fún wọn pé ọjọ́ wọn ti yẹ̀.

Dókítà fi ìbéèrè kan sí fọ́ọ̀mù ẹnì kọ̀ọ̀kan: *Ǹjẹ́ ẹ ti kíyè sí ìyípadà kankan nínú ọyàn yín: kókó, ọgbẹ́, tàbí omi?* Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á gbà á wọlé lọ́sẹ̀ náà, ìsémọ́lé tàbí kò sí ìsémọ́lé. Ẹni tó bá ní rárá, á máa dúró.

"Má fo ìbéèrè yìí fún ẹnikẹ́ni," ni dókítà wí. "Asẹ́ tó kù lọ́wọ́ wa nìyí."

Akọ̀wé kọ́ ẹnu rẹ̀. Nígbà tó fi máa kan obìnrin kejìlá, ó ti lè pe ọyàn láì wúkọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá arúgbó, ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó pásítọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ tísà tó kọ́ ọ ní ìṣirò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó kan Abẹ́rẹ́.

"Ta ni?"

"Akọ̀wé ni. Iṣẹ́ ni mo fi ń pè ọ́."

"Iṣẹ́ wo? Ṣebí ẹ ti tilẹ̀kùn."

"Òun náà ni. Wọ́n ti sún ọjọ́ rẹ síwájú."

"Di ìgbà wo?"

"A ò tíì mọ̀. A ó máa pè yín."

"Yín? Àwọn wo ló wà lọ́dọ̀ mi níbí?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, Abẹ́rẹ́ dákẹ́ pẹ́. "Ṣé ó tán?" ló béèrè. "Ṣé kò sí nǹkan mìíràn?"

Ojú Akọ̀wé wà lórí ìbéèrè náà. Báwo ni èèyàn ṣe ń bi ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní irú èyí, obìnrin tí òun kò tíì dì mọ́ra rí? Tó bá jẹ́ pé nǹkan wà, ṣé kò ní ti sọ? Ní tòótọ́, ohun tó dí i lẹ́nu ju ìtìjú lọ ni ìbẹ̀rù: kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi sí ohun tó fẹ́ràn. Ẹnu ni àwọn àgbà ní kí èèyàn máa ṣọ́.

"Ó tán," ló dáhùn.

Ó fa ilà sábẹ́ *Rárá*. Ó fà á bí ẹni ń ṣe àmín.

Ìsémọ́lé gùn. Wọn kò ra yúnífọ́ọ̀mù mọ́ nígbà tí kò sí ilé ìwé, Abẹ́rẹ́ wá ń rán ìbòmú. Nígbà tí wọ́n dẹ okùn díẹ̀, Akọ̀wé ń yà lọ kí i. Òun á dúró ní ìhà kejì gọ́tà, Abẹ́rẹ́ á wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, aṣọ á bo ẹnu àwọn méjèèjì. Ojú nìkan ni wọ́n fi ń fẹ́ra. Lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ọwọ́ òsì ló fi ń yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún rẹ?"

"Igba ìbòmú lójúmọ́ kì í ṣeré." Kò gbójú sókè. "Akọ̀wé."

"Hẹn?"

"Àwọn obìnrin tí ẹ pè lórí fóònù nígbà yẹn. Kí lẹ bi wọ́n?"

Akọ̀wé rántí ilà tó fà. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni. Má fi da ara rẹ láàmú."

Abẹ́rẹ́ wò ó lókè ìbòmú, ó wò ó pẹ́. "Ó dáa," ló wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, Àǹtí Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì méjì kọ́ ilẹ̀kùn Abẹ́rẹ́, ó jẹ́ iṣẹ́ tí Màmá rán an. "Ìyàwó wa ní ìwé náà dà o? Ó ní òun ò gbàgbé."

"Ẹ bá mi kí wọn, Àǹtí. Ẹ ní mò ń retí kí wọ́n pè mí ni."

Oṣù mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ. Àwọn tó ti dúró pọ̀ bí eṣú. Àwọn tó ní *bẹ́ẹ̀ ni* lórí fóònù ti rí dókítà tipẹ́. Àwọn ti *Rárá* wá ń wọlé bí orúkọ wọn ṣe tẹ̀ léra. Nọ́ọ̀sì àgbà yẹ ìwé orúkọ wọn wò, ó fi ìka lé orúkọ kan.

"Ìyàwó rẹ nìyí. Jẹ́ ká fi í sí ọ̀sẹ̀ yìí."

"Rárá o, mà. Wọ́n á ní mo fi tèmi ṣíwájú."

"Ta ni wọ́n?"

"Àwọn tó wà níwájú rẹ̀, mà. Àwọn náà lẹ́ni tó ń retí wọn."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí dáadáa pa ẹ́ lára."

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló tún kọjá lórí ìyẹn.

Ọjọ́ tó kan Abẹ́rẹ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí gbogbo ayé, kò wo ojú fèrèsé. Ó wọlé. Ó pẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbà jáde wá pe dókítà. Nígbà tó ń kọjá lójú fèrèsé, ó yí ojú sí ògiri, Akọ̀wé sì mọ̀.

Akọ̀wé bá Abẹ́rẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ńlá fa nǹkan nínú kókó tí wọ́n bá lọ́yàn rẹ̀. Òórùn ọṣẹ ìfọṣọ ń wọlé láti yàrá kejì.

"Ó tó ẹyin àdàbà," ni Abẹ́rẹ́ wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, kò ju kóró ìrẹsì lọ."

"Ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tó o pè mí."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Kí ló dé tó ò béèrè?" Kò pariwo, ó dà bí ẹni ń bi ara rẹ̀. "Mò ń retí ẹ lórí fóònù. Mo bi ẹ́ bóyá ó tán, o ní ó tán. Ìyá kan tí mò ń ránṣọ fún wá sọ fún mi pé ẹ bi òun bóyá òun rí kókó. Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó tọrọ àforíjì kó tó béèrè. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. O bi gbogbo ayé, o ò bi èmi. Mo tún bi ẹ́ lójú gọ́tà, o ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni."

"Abẹ́rẹ́..."

"Mo rò pé o ò fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní, Akọ̀wé ń fẹ́ kí ìwé Màmá mọ́, kí ni màá fi ẹnu ara mi bà á jẹ́ sí? Mo gbàdúrà. Mo fi òróró pa á. Mo ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé kó lọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi náà jẹ̀bi. Mo bẹ̀rù ìwé ju àìsàn lọ."

Akọ̀wé lọ fa àpótí kẹta. Fọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀, ilà rẹ̀ gún régé sábẹ́ *Rárá*. Nínú ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, Abẹ́rẹ́ nìkan ni wọn kò bi. Ó gbé e lọ bá dókítà, ó fi sórí tábìlì, ó dúró bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí ẹgba.

Dókítà kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ká ní a rí i nígbà yẹn..." Kò parí rẹ̀. "Ó ti wọ abíyá. Nígbà tí a bá yẹ inú rẹ̀ wò, mo bẹ̀rù pé a ó bá a lẹ́dọ̀." Ó gbé fọ́ọ̀mù náà padà sórí tábìlì. "Ẹ̀karùn-ún rèé lóṣù yìí tó dé báyìí, tí kò yẹ kó dé báyìí. Àwọn mẹ́rin yòókù, ẹnikẹ́ni kò fo ìbéèrè wọn. Ilẹ̀kùn tí a tì ló ṣe wọ́n. Ìwọ nìkan kọ́ lo jẹ̀bi, Akọ̀wé." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ṣùgbọ́n kò ríbi wọ̀ sí.

Nínú ẹ̀dọ̀ náà ni wọ́n ti bá a.

Akọ̀wé gbé ìwé náà lọ fún Màmá. "Ẹ ní kó mú ìwé wá. Ó rèé."

Màmá kà á bí tísà ṣe ń kàwé, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìfo ìlà kan. Ọmọ rẹ̀ sọ ìyókù fún un, ó sọ ti fóònù, ó sọ ti kóró ìrẹsì. Ó ti múra ìjà sílẹ̀. "Màá fẹ́ ẹ, Màmá. Bó ku ọ̀sẹ̀ kan, màá fẹ́ ẹ."

Màmá kò jà. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin. "Ṣé ìwé mi ló ń bẹ̀rù?" ló béèrè. "Ṣé èmi ni ọmọ ọlọ́mọ fi àìsàn pamọ́ fún?" Ó lọ mú gèlè. "Pe Àǹtí rẹ wá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá Bàbá Káfíńtà ní yàrá ìgbàlejò. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi jókòó. "Torí pé ọwọ́ mi ni mo fi kan àga wọ̀nyí ni mi ò ṣe fà wọ́n lábẹ́ yín," ló wí. "Nígbà tí ọmọ mi wà lórí ìró, ẹ ní kó mú ìwé wá. Ó ti mú un wá. Kí lẹ tún wá gbà?"

"A wá tọrọ rẹ̀ ni, Bàbá," ni Àǹtí Oníbúrẹ́dì wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Mi ò fi ọmọ mi fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ìrònúpìwàdà. Ẹ dìde, ẹ máa lọ."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn." Láti iyàrá ni ohùn náà ti wá. Abẹ́rẹ́ jáde, ó fọwọ́ ti ògiri, oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára ti kó irun orí rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ ló ṣì kù bó ṣe wà. Ó jókòó dojú kọ Màmá. "Ẹ káàbọ̀, mà. Èmi náà fẹ́ ìwé."

"Ìwé kí ni, ọmọ mi?"

"Ti àyẹ̀wò. Ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́rin."

"Ṣé ẹ ti ṣe é rí?"

Màmá wo ilẹ̀. "Mi ò ṣe é rí."

"Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́! Ẹ gbọ́, mo ti wádìí ìdílé yín, mi ò lè wọ ilé tí wọn ò ti mọ ara wọn." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àǹtí Oníbúrẹ́dì, omijé tẹ̀lé e. Bàbá Káfíńtà yíjú sí fèrèsé. "Ọjọ́ tí ẹ bá mú ìwé yín wá," ni Abẹ́rẹ́ wí, "ẹ mú ọmọ yín dání."

Màmá lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn obìnrin, ọmọ rẹ̀ lójú fèrèsé kọ orúkọ rẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè náà láìyẹjú, ó sì dúró títí ìyá rẹ̀ fi dáhùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Màmá fi retí èsì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ló fi ń fọwọ́ wá ara rẹ̀ kiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Nígbà náà ló mọ irú ẹrù tó gbé lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Èsì dé: ó mọ́.

Ó gbé e lọ, ó fi lé ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí Abẹ́rẹ́. "Ìyàwó mi, ìwé mi rèé."

Abẹ́rẹ́ kà á. "Ẹ ṣeun, mà. Ó kéré tán, ẹni tó máa tọ́jú Akọ̀wé wà."

Yàrá ìgbàlejò káfíńtà náà ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, èèyàn mẹ́jọ péré, Nọ́ọ̀sì àgbà ṣe ẹlẹ́rìí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìyàwó yọ abẹ́rẹ́ lára gèlè, ó rán bọ́tìnnì kan tó ń mì láyà ọkọ rẹ̀.

"Èyí já fúnra rẹ̀ o," ni Akọ̀wé wí.

"Mo rí i," ni ó dáhùn. "Ó ṣáà ti tó àkókò."

Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ṣe tọkọtaya. Akọ̀wé ń gbé e lọ gba oògùn, ó ń gbé e bọ̀. Nígbà tó yá, oògùn kò gbọ́ mọ́, wọ́n ń fi ti ìrora nìkan mú un dúró. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, Akọ̀wé tọrọ àforíjì fún ìgbà àìmọye. Abẹ́rẹ́ fi ìka lé e létè. "A ti pín in. Ìdajì tìrẹ, ìdajì tèmi. Má gbé tèmi mọ́ tìrẹ."

Màmá ni kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbé omi gbígbóná. Òun ló ń gbé e. Òun tó ní wíwẹ aláìsàn ti sú òun, òun ló ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, tó ń kì í bó ṣe ń nù ún lẹ́yìn:

"Abẹ́rẹ́ mi, tín-ín-rín tí ń so ńlá pọ̀,
Kékeré irin tí adìẹ kò gbọdọ̀ gbé mì,
O bo ìhòòhò ọmọ aráyé,
O gbàgbé láti ránṣọ bo tìrẹ.
Wọ́n ní abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.
Má kánjú, Abẹ́rẹ́ mi,
Okùn rẹ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Màmá," ni Abẹ́rẹ́ wí nínú ìrora, "ẹ mọ oríkì báyìí, ẹ wá ń fi ìwé dẹ́rù bà mí."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì fi aṣọ ìnura bojú. Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí wọ́n ń ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, abẹ́rẹ́ lọ. Okùn kù.

Akọ̀wé padà sójú fèrèsé lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Àpótí káàdì mẹ́rin ti di márùn-ún. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbàdúrà bó ti máa ń ṣe, ó gbé fóònù, ó pe ẹni àkọ́kọ́. Obìnrin tó ń ta bàtà ni, ó ń kánjú, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, ó ku ìbéèrè kan. Ǹjẹ́ ẹ ti kíyè sí ìyípadà kankan nínú ọyàn yín?"

"Rárá o. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

Bírò wà lókè ìwé. Kò fa ilà. "Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n mi ò kánjú. Mo wà níbí."

Ó jọ pé obìnrin náà gbé ọmọ, nítorí igbe náà rọlẹ̀. Ilẹ̀kùn kan pa dé lọ́nà jíjìn. Akọ̀wé ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó fi etí ti fóònù, ó dúró, ó sì dúró.

"Ọ̀gá," ni obìnrin náà wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ọkọ mi kò mọ̀ o."

"Ẹ sọ ọ́, mà," ni Akọ̀wé wí. Ó gbé bírò kúrò lórí *Rárá*.